Bí a ṣe ń ka òfin ìṣòwò ká lè mọ ibi tí iṣẹ́ ọkọ̀ oníná ń ṣí lọ

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Ford kéde pé òun kò ní ṣe ọkọ̀ mọ́ ní Camaçari, ìlú kan tí kò jìnnà sí Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ti gbé òrìṣà kalẹ̀, tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ń fi èdè tí a gbọ́ kọrin sí i títí dòní. Ọgbà ńlá náà dákẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Lula ti dúró nínú ọgbà kan náà, níbi tí BYD ti Ṣáínà ti ń ṣí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń fi iná mànàmáná inú bátìrì rìn. Láàárín ìgbà méjèèjì, ìjọba Bràsíl ti gbé owó ibodè lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ti òkèèrè wọlé, wọ́n sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìdá 18 ní oṣù Keje ọdún náà, ìdá 25 ní oṣù Keje ọdún 2025, àti ìdá 35 fún oṣù Keje ọdún 2026.

Kì í ṣe òfin yẹn nìkan ló gbé BYD dé Bahia, nítorí ilé iṣẹ́ náà ti kéde ìpinnu rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023, kí òfin tó jáde. Ṣùgbọ́n òfin náà ló sọ bí wọ́n ṣe máa yára tó, irú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe máa sáré kó ọkọ̀ wọlé kí ọjọ́ tó pé. Ohun kan tí mo rí nínú gbogbo irú òfin báyìí tí mo ti kà ni pé kò sí èyí tó ń ṣí iṣẹ́ kọjá ìpele tí ó dárúkọ. Bí ó bá dárúkọ odindi ọkọ̀, odindi ọkọ̀ ni yóò yà lọ́nà. Bí ó bá dárúkọ òkúta, òkúta nìkan ni kò ní kọjá ibodè. Lórí èyí ni gbogbo ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé dúró lé. Ó wúlò fún ẹni tó ń kó ọkọ̀ wọlé, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti oníròyìn, ó sì wúlò jù lọ fún àwọn ará ìlú tí lítíọ́mù, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn ní Ìjerò-Èkìtì àti ní Òkè-Ògùn.

Ẹ wá òfin náà fúnra rẹ̀

Ìròyìn á sọ fún yín pé ìjọba kan ti fi owó kún owó ibodè. Èyí kò tó. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n tẹ òfin náà sí: Yúróòpù ń tẹ tirẹ̀ sínú Official Journal, Amẹ́ríkà sínú Federal Register, Bràsíl sínú Diário Oficial da União. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gígùn wọn dẹ́rù bà yín, nítorí ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ kò pọ̀, nọ́ńbà ọjà ló sì ṣíwájú.

Gbogbo ọjà tó ń gba ibodè kọjá ló ní nọ́ńbà tí Àjọ Àwọn Aṣọ́bodè Àgbáyé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Brussels, fi sọ ọ́ lórúkọ. Mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà kò yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń yí táyà rẹ̀ jẹ́ 8703.80. Ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù àti iná pọ̀, tí a sì lè ki wáyà iná bọ̀ kó gba agbára, jẹ́ 8703.60. Bátìrì lítíọ́mù jẹ́ 8507.60, iyọ̀ lítíọ́mù tí wọ́n ń pè ní lithium carbonate sì jẹ́ 2836.91. Ẹ kọ nọ́ńbà tí òfin dárúkọ sí apá kan ìwé yín, kí ẹ sì kọ èyí tó sún mọ́ ọn tí òfin kò dárúkọ sí apá kejì. Apá kejì yẹn ni iṣẹ́ yín wà.

Àpẹẹrẹ rèé. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gba àfikún owó ibodè lórí ọkọ̀ oníná tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, fún ọdún márùn-ún, nítorí wọ́n ní owó ìrànwọ́ ìjọba Ṣáínà ló mú kí ọkọ̀ náà pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ tí iná nìkan ń gbé ni òfin náà dárúkọ. Kò dárúkọ ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù àti iná pọ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ọkọ̀ kejì yìí wọ Yúróòpù lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó ti kọ 8703.60 sí apá kejì ìwé rẹ̀ ti mọ ibi tí ó yẹ kó máa wò kí àwọn ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, àkójọ ìṣirò òwò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní Comtrade, ń jẹ́ kí ènìyàn tẹ nọ́ńbà ọjà àti orúkọ orílẹ̀-èdè méjì, kó sì rí iye ọjà tó kọjá láàárín wọn.

Ẹ ṣe ìṣirò kan ṣoṣo

Ẹ mú ọkọ̀ kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 20,000 dọ́là nígbà tó dé etíkun, kí ẹ sì gbé e gba òfin kọ̀ọ̀kan kọjá. Ní Yúróòpù, owó ibodè tó ti wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdá 10. Àfikún tí wọ́n bù fún BYD jẹ́ ìdá 17, ti Geely jẹ́ 18.8, ti SAIC tó ni MG jẹ́ 35.3, ti Tesla tó ń ti Shanghai wá sì jẹ́ 7.8. Bí ọkọ̀ yẹn bá jẹ́ ti BYD, owó ibodè rẹ̀ á jẹ́ 5,400 dọ́là. Bí ó bá jẹ́ ti SAIC, á jẹ́ 9,060. Bí Tesla bá gbé ọkọ̀ tó jẹ́ iye kan náà wá láti Shanghai, 3,560 ni yóò san. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gbé owó ibodè ọkọ̀ oníná láti Ṣáínà kúrò ní ìdá 25 lọ sí ìdá 100 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, lórí ìdá 2.5 tí gbogbo ọkọ̀ ń san nígbà náà, owó ibodè nìkan lọ́dún yẹn á jẹ́ 20,500 dọ́là. Ọkọ̀ náà á wá di 40,500 kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ìṣirò yìí ń fi ohun mẹ́ta hàn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kà sí ọ̀kan náà. Owó tí èrè ọkọ̀ lè gbé kì í dá ọkọ̀ ojú omi dúró. Olówó ọjà á san án, á sì máa tà lọ. Owó tó bá jẹ èrè tán á jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí wọ́n á kọ́ ilé iṣẹ́ sí nínú ibodè. Owó tó bá sọ iye ọkọ̀ di ìlọ́po méjì ti ilẹ̀kùn pa ni, kì í ṣe ìdúnàádúrà mọ́. Ìdí nìyí tí BYD fi ń ta ọkọ̀ ní Yúróòpù, tó sì tún ń kọ́ ilé iṣẹ́ sí Szeged ní Húńgárì, nígbà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní Amẹ́ríkà, kò ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ará ìlú níbẹ̀. Iye tó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ẹni tí wọ́n gbé ẹrù tó wúwo jù lé lórí ló ní ìdí jù lọ láti wá ọ̀nà mìíràn.

Níbo ni òfin kà sí ìlú tí wọ́n ti bí ọkọ̀?

Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí. Ọkọ̀ oníná kan lè fi kóbáàtì Kóńgò, lítíọ́mù Ọsirélíà, níkẹ́ẹ̀lì Indonéṣíà àti gíráfáìtì Ṣáínà ṣe bátìrì, kí wọ́n kó bátìrì náà jọ ní Húńgárì, kí wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ní Jámánì. Ọmọ ìlú wo ni ọkọ̀ yẹn? Òfin ló ń dáhùn, òfin kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdáhùn tirẹ̀. Àdéhùn Amẹ́ríkà, Mẹ́síkò àti Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2020 ní kí ìdá 75 nínú iye ọkọ̀ ti inú orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí wọ́n tó lè gbé e kọjá láìsan owó ibodè. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ béèrè fún ìdá 62.5. Láàárín Ìlú Ọba àti Yúróòpù, ìlànà tó le fún bátìrì ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú di òpin ọdún 2026, nítorí ilé iṣẹ́ bátìrì tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò tíì tó. Ọkọ̀ tí kò bá kún ojú ìwọ̀n nígbà náà á san ìdá 10.

Òfin Amẹ́ríkà ti oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ló kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ẹ̀dínwó owó orí tó tó 7,500 dọ́là fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n pín in sí méjì. Ìdajì rẹ̀, 3,750, ń bọ̀ bí àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì inú bátìrì bá ti Amẹ́ríkà tàbí orílẹ̀-èdè tó bá a ṣe àdéhùn òwò wá. Ìdajì kejì ń bọ̀ bí ẹ̀yà bátìrì bá ti Àríwá Amẹ́ríkà wá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti to odindi ọkọ̀ pọ̀. Láti ọdún 2024, ọkọ̀ tí ẹ̀yà bátìrì rẹ̀ bá ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí Ṣáínà ń darí wá kò rí nǹkan kan gbà. Nígbà tí ọdún náà wọlé, Tesla Model 3 kan tí wọ́n ń to pọ̀ ní Califọ́níà pàdánù ẹ̀dínwó rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yí padà, ilé iṣẹ́ tó ń tò ó kò kúrò níbi tó wà. Ohun tí wọ́n ń béèrè nípa bátìrì rẹ̀ ló yí padà.

Ẹ tún wo ibi tí òfin yẹn ti ní àlàfo. Ìlànà orírun yìí, ìyẹn èyí tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ àti bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, dárúkọ ẹni tó ń ra ọkọ̀. Ẹni tó ń háyà ọkọ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe olùrà. Ilé iṣẹ́ tó ń fi háyà ni olùrà, òfin sì ka ọkọ̀ rẹ̀ sí ọkọ̀ òwò, tí kò ní ìlànà orírun kankan. Báyìí ni Hyundai tí wọ́n ṣe ní Kòríà ṣe rí ẹ̀dínwó gbà, nípasẹ̀ háyà. Nígbà tí ẹ bá ń ka òfin, ẹ máa béèrè pé ta ni wọ́n pè ní olùrà, ta sì ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Nípa ti Tọ́kì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n fi ìdá 40 kún owó ibodè ọkọ̀ láti Ṣáínà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, BYD fọwọ́ sí ìwé láti fi bílíọ̀nù dọ́là kan kọ́ ilé iṣẹ́ sí ibẹ̀. Tọ́kì àti Yúróòpù jọ ní ìṣọ̀kan owó ibodè láti ìparí ọdún 1995, èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ lè wọ Yúróòpù. Òfin méjì ló pàdé níbì kan, ibi tí wọ́n sì ti pàdé ni owó yíjú sí.

Ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó dópin

Ẹ kọ gbogbo ọjọ́ tó wà nínú òfin sílẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò ń ka kàlẹ́ńdà dáadáa ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, oṣù kan péré kí owó ibodè Bràsíl tó gòkè sí ìdá 18, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń ṣiṣẹ́ fún BYD gúnlẹ̀ sí èbúté Suape ní Pernambuco, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 5,459 ló sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sórí ilẹ̀ èbúté náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí kò sí olùrà kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá wo iye ọkọ̀ tó wọ Bràsíl lóṣù yẹn nìkan á rò pé ìfẹ́ ọkọ̀ oníná ti gba ìlú. Owó ibodè tó ń bọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà: nígbà tí òfin ọdún 2025 fi òpin sí ẹ̀dínwó 7,500 dọ́là ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ta ọkọ̀ oníná jù lọ nínú ìtàn ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjà náà já wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba iye oṣù kan gbọ́. Ẹ so oṣù mẹ́ta ṣáájú àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn pọ̀ kí ẹ tó sọ pé nǹkan pọ̀ sí i tàbí ó dínkù.

Ẹ padà sí ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta wà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní tààrà. Orílẹ̀-èdè tó ní ohun àlùmọ́ọ́nì náà ń ṣòfin, tirẹ̀ sì ń dí ohun tó ń jáde lọ́nà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020, Indonéṣíà fòfin de kíkó òkúta níkẹ́ẹ̀lì jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà kó iná ìleru wọn lọ bá òkúta náà ní Morowali ní erékùṣù Sulawesi. Yúróòpù pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìdájọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2022 sì lòdì sí Indonéṣíà. Indonéṣíà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ tí kò ní adájọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni òfin náà ṣe dúró. Lónìí, ó lé ní ìdajì níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wà láyé tó ń ti ibẹ̀ jáde. Àmọ́ irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe, kì í ṣe bátìrì, nítorí òfin kò sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi òkúta náà dà.

Sìmbábúwè fòfin de kíkó òkúta lítíọ́mù tútù jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Òkúta lítíọ́mù tó wà nínú ilẹ̀ kì í sábà ní ju ìdá kan sí méjì lítíọ́mù oxide lọ. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, títí á fi di ìyẹ̀fun tó ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́jọ irú ìyẹ̀fun yẹn ló ń di tọ́ọ̀nù kan iyọ̀ lítíọ́mù tí ilé iṣẹ́ bátìrì lè lò. Òkúta ni òfin Sìmbábúwè dárúkọ, kò dárúkọ ìyẹ̀fun, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun sì ni àwọn ará Ṣáínà kọ́ síbẹ̀. Iyọ̀, níbi tí owó gidi wà, Ṣáínà ni wọ́n ṣì ń lọ ṣe é. Ìjọba náà rí i, wọ́n sì wá kéde lọ́dún 2025 pé ìyẹ̀fun náà kò ní jáde mọ́ tó bá di ọdún 2027.

Nàìjíríà wà lórí ìpele kan náà báyìí. Mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, Délé Aláké, ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìwé àṣẹ kò ní í tẹ ẹni tí kò bá ní ètò láti ṣiṣẹ́ lórí òkúta náà nílé lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ ìfọlítíọ́mù kan tí àwọn ará Ṣáínà dá sílẹ̀ sì ti wà ní Nasarawa. Ó dùn mọ́ mi pé a ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó wà ní Ìjerò tàbí ní Òkè-Ògùn, tí ẹ ń rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé àpò òkúta funfun jáde lálẹ́, ẹ máa bi ẹni tó bá wá bá Ọba àti àwọn olóyè pé ìpele wo ni "ṣíṣiṣẹ́ nílé" tí ó ń wí parí sí. Ṣé òkúta tí wọ́n fọ́ ni, àbí ìyẹ̀fun, àbí iyọ̀? Kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú ìwọ̀n ìdá lítíọ́mù tó gbọ́dọ̀ ní kó tó kúrò ní ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó níbi tí ìdá kan àti ìdá mẹ́fà ti yàtọ̀ tó báyìí.

Ìkìlọ̀ kan wà tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá di ohun kan mú gírígírí lè mú kí olùrà yí ohun tó ń sè padà. Kóńgò, tó ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú kóbáàtì ayé, dá kíkó rẹ̀ jáde dúró ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n sì fi ìwọ̀n sí i láti oṣù Kẹwàá. Owó kóbáàtì gòkè. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ oníná tí wọ́n ń tà ní Ṣáínà ti ń lo bátìrì onírin àti fọ́sífétì, tí kò ní kóbáàtì tàbí níkẹ́ẹ̀lì rárá. Nígbà tí Ṣáínà ní tirẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó gíráfáìtì jáde gba ìwé àṣẹ láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí òòfà tó ń wà nínú ẹ́ńjìnnì oníná ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kò sí ẹni tó rí àrọ́pò rẹ̀ kíá, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀yà ọkọ̀ kan ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà sì dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé òfin kan lágbára, ẹ béèrè bóyá ohun tí ó dì mú ní àrọ́pò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Camaçari, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ lo gbogbo èyí. Odindi ọkọ̀ ni owó ibodè Bràsíl tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú kọ̀ntéénà, ń san owó tó kéré sí i. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní Camaçari lọ́dún 2025, láti inú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́lé náà, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ti rí òṣìṣẹ́ 163 láti Ṣáínà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan níbẹ̀, nínú ipò tí wọ́n pè ní irú ti ẹrú. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun ènìyàn níbikíbi, ó wá dunni jù ní Bahia. Kò sí ibì kankan nínú òfin owó ibodè tí wọ́n ti dárúkọ bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe sùn.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Bràsíl gba pé kí ẹ̀yà ọkọ̀ oníná tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 463 dọ́là wọlé fún oṣù mẹ́fà láìsan owó ibodè, wọ́n sì fà ọjọ́ tí ẹ̀yà ọkọ̀ á máa san ìdá 35 kúrò ní oṣù Keje ọdún 2028 wá sí oṣù Kìíní ọdún 2027. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé yín. Ẹ ṣí Comtrade, ẹ wo iye 8703.80 àti 8507.60 tó ń ti Ṣáínà wọ Bràsíl ní oṣù mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn kọ̀ntéénà bá dínkù, tí Camaçari sì ń wá ẹni tó máa rọ irin, tó máa ṣe àga àti gíláàsì nítòsí, ẹ ti rí ìpele iṣẹ́ tó kàn tí òfin gbé sọdá òkun.